Iapíìsì tí gbogbo ayé ń yìn, etí tèmi ò gbà á. Kí n tà á ni àbí kí n tún un ṣe?

Alto_Kabba
Ẹ̀yin èèyàn mi, okun o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó fi iapíìsì yìí ta ẹnì kan lọ́rẹ.

Mo wà nínú kọ́áyà, álítò ni mò ń kọ. Ọ̀gá kọ́áyà wa máa ń ka ohùn kọ̀ọ̀kan sórí fóònù, á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kálukú á lọ kọ́ tirẹ̀ nílé kí Sátidé tó dé. Iapíìsì tí wọ́n ń tà ní gáréèjì ni mo ti ń lò, ₦2,500, àmọ́ apá òsì kú, mo wá sọ fún ara mi pé lọ́tẹ̀ yìí mi ò ra ìràkurà mọ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ iapíìsì lórí YouTube, ọ̀kan wà tí gbogbo wọn ń yìn, pé ní iye owó ẹ̀ kò sí èyí tó lè bá a dù ú. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mo mọ̀ pé àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ kún ibí. Oṣù méjì ni mo fi ṣa owó jọ, ₦28,000 pẹ̀lú owó wébíìlì, dírẹ́bà gbé e wá láti Èkó, mo lọ gbà á ní páàkì.

Mo tì í sétí, ó dà bíi pé inú agolo ni wọ́n ti ń kọrin. Gángan ò ní ikùn rárá, kẹ́kẹ́kẹ́ ló ń dún. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́. Tí sòpúránò bá ti pe "Jésù" báyìí, "s" yẹn fẹ́ẹ̀ fa etí mi ya. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, etí ti rẹ̀ mí. Ẹlẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta-lé-lẹ́gbàá tí mo sọ nù yẹn ní báàsì jù ú lọ o!

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí ohùn èèyàn sún mọ́ mi, kí gángan sọ̀rọ̀ kí n gbọ́ ohun tó wí, kí báàsì wà níbẹ̀ àmọ́ kó má jẹ́ ti sípíkà ilé ọtí. Fóònù Android ni mo ní, ó ní ihò iapíìsì, mi ò ní kọ̀ǹpútà. Ṣé kí n tà á ni, àbí EQ tí wọ́n máa ń sọ yìí, tí wọ́n fi ń gbé báàsì tàbí àwọn ohùn míì sókè sódò lórí fóònù, ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

MopaGbedu
Tà á jàre. Ra iapíìsì KZ kan tó ní báàsì, orí ẹ á mì. Orin tí ò bá mi àyà kì í ṣe orin.

OgaWaya_Iyara
Mopa, ìwọ àti "tà á". Ta ló fẹ́ ra iapíìsì tó ti wọ etí ẹlòmíì ní iye tí wọ́n fi rà á?

Àbúrò, má tíì tà á. Mélòó nínú rọ́bà orí iapíìsì, èyí tó ń wọ ihò etí, tó wà nínú páálí lo ti dán wò? Fóònù ni mò ń tún ṣe, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé iapíìsì wá bá mi pé "ò ní báàsì", tí n bá yẹ̀ ẹ́ wò, rọ́bà tí wọ́n bá lórí ẹ̀ nínú páálí ló ṣì wà níbẹ̀, èyí tí ò tóbi tí ò kéré yẹn, kò dí etí wọn pa. Báàsì ló máa ń kọ́kọ́ jò jáde, tírẹ́bù, ìyẹn ohùn tínrín bíi ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ò ní jò, ìdí nìyẹn tó fi ń gún ẹ. Ìlù tí awọ ẹ̀ lu, ṣé o ti gbọ́ ọ rí? Òun náà nìyẹn.

Bó o ṣe máa mọ̀ rèé. Tì í sétí, má tan orin, wá sọ̀rọ̀. Tí ohùn ara ẹ bá ń dún bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò, ó dí pa. Tó bá ń dún bó ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀, ó ń jò. Ẹ̀ẹ̀kejì, tan orin tó ní báàsì, fi ìka rọra tẹ iapíìsì náà wọlé díẹ̀: tí báàsì bá ṣàdédé dé, rọ́bà ni ẹjọ́ ẹ. Tó o bá fẹ́ kì í bọ̀ ọ́, fi ọwọ́ kejì fa etí ẹ sókè àti sẹ́yìn díẹ̀, ihò á là. Wáyà ẹ̀, tó bá jẹ́ irú èyí tó ń gba òkè etí lọ sẹ́yìn, má jẹ́ kó ṣe tọ́ọ́rọ́ wálẹ̀ bíi ti gáréèjì.

Tún gbọ́ o, etí méjèèjì lè máà jọra. Èmi fúnra mi ńlá ni mò ń lò lápá ọ̀tún, àárín lápá òsì.

MopaGbedu
Rọ́bà kẹ̀? Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ná, rọ́bà ló máa yanjú ẹ̀? 😂

YagbaBoy
Ọ̀gá Wáyà sọ òótọ́ o, Mopa má rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rọ́bà ló kan EQ, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sister, fọkàn balẹ̀.

Lọ gbé ápù kan tó ń jẹ́ Wavelet sórí fóònù. Ó ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní AutoEq, o kàn máa wá orúkọ iapíìsì ẹ, ó máa tún un ṣe fúnra ẹ̀. AutoEq yẹn, ará Finland kan, Jaakko Pasanen, ló ṣe é: ó kó gíráàfù iapíìsì rẹpẹtẹ jọ, ìyẹn àwòrán tó ń fi hàn bí iapíìsì ṣe ń pariwo tó láti báàsì dé tírẹ́bù, ó wá ṣírò ohun tí èèyàn máa fi kún tàbí yọ kúrò kí kálukú wọn lè sún mọ́ ìlà kan tí wọ́n ń pè ní Harman. Ilé iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà ló ni ìlà yẹn, Sean Olive àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi etí àwọn èèyàn dán an wò láti mọ irú sáùǹdù tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019 sì gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe iapíìsì.

O tún lè lọ sórí ìkànnì kan tó ń jẹ́ squig.link, kó o fi gíráàfù tìẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òmíràn. Láti 20 Hz lápá òsì, ibi báàsì, dé 20,000 lápá ọ̀tún, ibi tírẹ́bù; Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe jìnlẹ̀ tàbí tínrín tó. Wàá rí òkè kan láyìíká 3,000, má jẹ́ kó bà ẹ́ lẹ́rù, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ihò etí èèyàn fúnra ẹ̀ máa ń gbé ibẹ̀ sókè, tó o bá wá fi rọ́bà dí i, ó di dandan kí iapíìsì dá a padà. Àmọ́ tí òkè yẹn bá ti ga jù, ohùn á máa pariwo mọ́ ẹ. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ibẹ̀ ni tìẹ ti dé.

BabaKoaya_Isanlu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kíbọ́ọ̀dù ni mò ń tẹ̀, mo sì ti ń kọ́ kọ́áyà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

AutoEq yẹn, ọmọ mi ọkùnrin fi sórí fóònù mi. Báàsì kún lóòótọ́, àmọ́ ńṣe ni ohùn ténọ̀ àti álítò lọ dúró lẹ́yìn, bí ẹni tó ń kọrin látinú véstírì. Ìlà Harman yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ ni, kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn fẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n dán an wò náà, àwọn kan fẹ́ báàsì jù bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù. Ta ló wá sọ fún ẹ̀rọ pé èwo nínú wọn lọmọbìnrin yìí?

Ohun tí mo tún rí ni pé ẹ̀ ń pe "báàsì" bíi pé nǹkan kan ṣoṣo ni. Báàsì inú kọ́áyà kì í ṣe báàsì inú EQ o! Ọkùnrin tó ń kọ báàsì, ohùn rẹ̀ tó jìnlẹ̀ jù, láyìíká 80 Hz ló wà. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì olókùn mẹ́rin, 41. Álítò, láti bíi 175 dé 700, ohun tó ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ tún wà lókè yẹn, láti 2,000 lọ. Nítorí náà tí ẹ bá gbé 60 sókè, gìtá àti ìlù ńlá lẹ gbé, ohùn ènìyàn kankan ò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá wá ń gbé 250 sókè nítorí ẹ fẹ́ báàsì, ẹrẹ̀ lẹ dà sórí álítò. Ikùn gángan tí ọmọ yìí ń wá, láàárín 100 sí 200 ni màá kọ́kọ́ wá a, díẹ̀díẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é: mo máa ń wá orin tí mo mọ̀ bí ẹní mọ owó, kì í ṣe orin tuntun. Èyí tó dára jù ni èyí tí ẹ fúnra yín kọ, tí ẹ mọ bó ṣe dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Màá mú ọ̀pá EQ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní Hz tó ń ṣiṣẹ́ lé, màá gbé e sókè gan-an, 6 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe pariwo tó), kí n lè gbọ́ ibi tó ń ṣiṣẹ́ lé. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ohun tó ń gún mi ti wá, gígún yẹn á wá le sí i, mo ti mú olè nìyẹn. Màá fà á wálẹ̀ sí bíi 2 tàbí 3 lábẹ́ òdo, màá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Etí alẹ́ kì í ṣe etí àárọ̀.

YagbaBoy
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà pẹ̀lú yín níbi orin tí èèyàn mọ̀ àti ohùn tó lọ sẹ́yìn yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbèjà gíráàfù díẹ̀, òun ló máa ń jẹ́ kéèyàn mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ wá olè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀pá mẹ́sàn-án inú Wavelet lèèyàn máa máa tẹ̀ kiri títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ibi tí gíráàfù ti máa ń purọ́ ni láyìíká 8,000. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iapíìsì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 711, máa ń gbé òkè kan jáde níbẹ̀ fúnra ẹ̀, òkè yẹn sì ń ṣí kiri bí wọ́n bá ṣe ki iapíìsì jìn sí. Nínú etí tèmi ó lè wà ní 7,000, nínú ti sister ní 9,000. AutoEq ò lè mọ̀yẹn. Nítorí náà, láti 6,000 lọ sókè, ohun tí Bàbá sọ ni kéèyàn ṣe, etí ara ẹni ni.

Nǹkan kan ṣì kù. Tó o bá gbé ọ̀pá kankan sókè ní 4 dB, tó o sì rí preamp nínú ápù, ìyẹn ohun tó ń fa gbogbo ohùn wálẹ̀ lápapọ̀, fi preamp sí −4. Tí o ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí orin ti pariwo jù á máa ya. Kódà fífà wálẹ̀ dára ju gbígbé sókè lọ. Tó o bá sì ń fi méjì wéra, rí i pé fólúùmù wọn dọ́gba, torí èyí tó bá pariwo jù ló máa ń dùn jù létí, ó ti tàn mí jẹ àìmọye ìgbà.

IyaIbeji_Egbe
Mo ń ka gbogbo ẹ̀, mi ò gbọ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ fólúùmù gan-an gan-an. Wákàtí mélòó lẹ̀ ń fi nǹkan yìí sétí? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 80 dB, ogójì wákàtí lọ́sẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀. Tó bá fi 3 dB lé, ó di ìdajì ogójì yẹn. Ohun tó dáa nínú rọ́bà tó dí etí pa ni pé ariwo jẹ́nẹ́rétọ̀ ò ní wọlé, èèyàn ò ní máa yí fólúùmù sókè láti bá jẹ́nẹ́rétọ̀ jà.

Àmọ́ ẹ má fi rìn lójú títì o, mo bẹ̀ yín. Àbúrò ọkọ mi wà lójú ọ̀nà Ọbájáná, ó ti iapíìsì bọ etí méjèèjì, kò gbọ́ tírélà sìmẹ́ńtì títí afẹ́fẹ́ ẹ̀ fi gba fìlà lórí ẹ̀. Fìlà náà nìkan ló bá a lọ, a dúpẹ́.

Alto_Kabba
Mo ti dé o. Ọ̀gá Wáyà, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín!! Mo tú páálí, mo rí ọ̀rá kékeré kan lábẹ́ káádì tí mi ò tiẹ̀ ṣí rárá, rọ́bà ńlá àti kékeré wà nínú ẹ̀. Mo fi ńlá sápá ọ̀tún, ohùn mi wọ ìkòkò lójú ẹsẹ̀. Apá òsì, ńlá ń dùn mí, àárín ló bá a mu tí mo bá fa etí bí ẹ ṣe wí. Mo tan orin ìkórè wa tọdún tó kọjá, gángan ní ikùn! Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mo kàn ń rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti "s" yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó dín kù ni, kò tán. Mo gbé Wavelet sórí fóònù, mo rí orúkọ iapíìsì mi níbẹ̀, mo tan AutoEq. Nǹkan yí padà lórí ápù tí mo fi ń gbọ́ orin inú fóònù, àmọ́ lórí YouTube kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ṣé èmi ni mò ń ṣe é lódì?

YagbaBoy
Kì í ṣe ìwọ. Àwọn ápù kan kì í jẹ́ kí Wavelet mọ̀ pé àwọn ń kọrin. Wọ inú settings ẹ̀, tan legacy mode, pa YouTube pátá kó o tún ṣí i. Tún lọ wo settings fóònù fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá ti tan "sound effect" tàbí "enhancer" kankan níbẹ̀, pa á, kí méjì má baà máa ṣiṣẹ́ lé orí ara wọn.

MopaGbedu
Ẹ gbọ́, ẹ má bú mi. Mo gbé Wavelet náà, mo gbé ọ̀pá 62.5 Hz sókè dé 10 dB. Báàsì dé, àmọ́ ó ń ṣe kúrúkúrú bíi bébà tó wọ inú sípíkà. Ṣé iapíìsì mi ti bàjẹ́ ni?

OgaWaya_Iyara
Kò bàjẹ́, ìwọ lo fẹ́ bà á jẹ́. Wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ preamp láti òkè, o ń wò wọ́n bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Dá a padà sí 4, fa gbogbo ẹ̀ wálẹ̀.

Fún àwọn tó ń kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé èwo làwọn máa rà, mi ò ń gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o, ohun tó ti gba ọwọ́ mi kọjá ni mò ń sọ. Nínú àwọn tó ń lọ ní bíi ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n dọ́là: ẹni tó bá fẹ́ kí báàsì kún díẹ̀ láìbo ohùn mọ́lẹ̀, 7Hz Zero:2. Ẹni tí tírẹ́bù máa ń yọ lẹ́nu, Tangzu Wan'er. Moondrop Chu II, ohùn ń mọ́ níbẹ̀, àmọ́ tí etí ẹ bá rí bíi ti Alto, o lè máa fa òkè ẹ̀ wálẹ̀. Chu àkọ́kọ́, wáyà ẹ̀ kì í yọ, Chu II ń yọ, fún èmi tí mò ń tún nǹkan ṣe ìyẹn ju báàsì lọ, torí wáyà ló máa ń kọ́kọ́ kú, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kì í bọ fóònù gan-an.

Ẹni tí fóònù ẹ̀ ò ní ihò, kó ṣọ́ra tó bá ń ra wáyà kékeré tí wọ́n ń kì bọ ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì. Oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan ní chip tó ń sọ ọ́ di ohùn nínú, ìkejì ò ní, kò sì sí bó o ṣe máa wò ó lójú tí wàá fi mọ̀. Bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní chip yẹn, DAC ni wọ́n ń pè é. Ti Apple dáa gan-an, àmọ́ lórí ọ̀pọ̀ Android fólúùmù ẹ̀ kì í tó nǹkan.

BabaKoaya_Isanlu
Alto, ibo lo bá iṣẹ́ dé?

Alto_Kabba
Ẹ kú alẹ́ sà. Mo ṣe é bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é. Mo kọ́kọ́ pa AutoEq, torí òótọ́ lẹ sọ, álítò lọ sẹ́yìn. Mo wá ń gbé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sókè ní 6. 2,000 ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo gbé 4,000, ohùn sòpúránò di ariwo, mo ní áà. Mo gbé 8,000, mo fẹ́ẹ̀ sọ fóònù nù! Olè méjì ni wọ́n, wọ́n jọ ń jalè ni. Ibi tí mo fi wọ́n sí báyìí: 4,000 ní −2, 8,000 ní −3.5, 125 ní 1.5, mo sì fi 2 lé 62.5 nítorí gìtá. 250 mi ò fọwọ́ kàn án, ẹ̀rù ẹrẹ̀ yẹn ń bà mí. Mo sùn lé e, mo tún gbọ́ ọ láàárọ̀, mo dá 8,000 padà sí −3 torí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti fẹ́ di ìyẹ̀pẹ̀.

Ọ̀gá Wáyà, rọ́bà ńlá apá ọ̀tún yẹn ń yọ tí mo bá ń jẹun. Ṣé ẹ ní èyí tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀?

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ o, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Orin tuntun tí ọ̀gá kọ́áyà wa fi ránṣẹ́, ẹsẹ kejì, gbogbo wa la ti ń kọ "fà" níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbọ́ ọ lánàá, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo tún lọ wo ìwé. "Mì" ló wà nínú ìwé. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣì í kọ nígbà tó ń kà á sórí fóònù. Ta ló máa sọ fún un báyìí?

OgaWaya_Iyara
Èyí tó rọ̀ wà, onífóòmù, ₦1,500 méjì. Màá fi rán dírẹ́bà lọ́la, tètè lọ gbà á.

MopaGbedu
😂😂😂 sister dá AutoEq padà o, kó o má baà gbọ́ nǹkan tí ò kàn ẹ́

BabaKoaya_Isanlu
Má sọ fún un lójú gbogbo èèyàn. Ní Sátidé, tẹ̀ lé e dé ìdí kíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kúnlẹ̀ dáadáa, sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbọ́ ẹsẹ kejì yé, ẹ bá mi kọ ọ́ látinú ìwé." Òun fúnra rẹ̀ á rí i. Èmi náà ti ṣì í kọ rí, ọmọ kan nínú kọ́áyà mi ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.